Ìbò Tí Mo Fi Rán Bàbá Mi

IJmuiden, Họ́láǹdì
Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún, ọdún 2016

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìfojúrinjú. Ara ń kọ́? Mo pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, ẹ gbé e, ẹ ní, "Mi ò ra nǹkan kan lónìí," ẹ sì pa á mọ́ mi létí. Èmi Gill ni, Bàbá. Mi ò ta nǹkan kan. Mo ti rí i pé ẹnjìnnì ọkọ̀ ìpẹja tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún dúró tì ti gba etí yín lọ pátápátá, ìdí nìyí tí mo fi padà sí ìwé kíkọ.

Àlàáfíà la wà. Femke ọmọ mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, èdè méjì ló fi ń bá mi jiyàn báyìí. Wouter ń lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní èbúté láràárọ̀, ó ní kí n kí yín.

Ọ̀rọ̀ ìbò oṣù Kẹfà, pé ká dúró nínú Àjọ Yúróòpù tàbí ká kúrò, ló mú mi kọ̀wé. Mo ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti dì í, torí mi ò tíì lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lókè òkun. Nígbà ìbò tó kọjá, wọ́n fi ìwé ìbò ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ti kéde ẹni tó wọlé fún odindi ọjọ́ mẹ́ta kó tó dé ọwọ́ mi. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ mọ́. Òfin gbà kí ènìyàn yan ẹni tí yóò bá a dì í. Wọ́n á fún ẹni náà ní ìwé ìbò méjì, tirẹ̀ àti ti ẹni tó rán an. Orúkọ yín ni mo kọ. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpò ìwé yìí, kí ẹ bá mi buwọ́ lù ú kí ẹ sì mú un lọ sí gbọ̀ngàn ìlú.

Ẹ bá mi fa àmì sí "Ká dúró." Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò fẹ́ ká dúró. Ṣùgbọ́n bí a bá jáde kúrò nínú Àjọ Yúróòpù, àjèjì ni mo dà níbí, nínú ilé tí mo bí ọmọ sí. Èmi àti Wouter ò ṣègbéyàwó, ẹ mọ̀, ẹ kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé. Ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà lọ́wọ́ mi.

Mi ò ní ẹlòmíràn ní Grimsby láti ìgbà tí Màmá ti kú. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè rán.

Ọmọ yín,
Gill

Grimsby
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Karùn-ún, ọdún 2016

Gill ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Femke, mo kí Wouter pẹ̀lú kó má bàa ní mo fo òun. Ara le. Etí ti lọ, ẹnu ló kù.

Mo rí fọ́ọ̀mù rẹ gbà. Mo gbé e ka orí tábìlì, mo ń wò ó bí ẹni wo oúnjẹ tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ aráyé, bàbá rẹ lo rí rán sí irú iṣẹ́ yìí? Ológbò lo ní kó bá ọ ṣọ́ ẹja.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi, kó má jẹ́ pé inú ìwé ìròyìn lo ti máa kà á pé òpè ni gbogbo wa. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ènìyàn lè máa ti orí ọkọ̀ kan bọ́ sórí èkejì títí yóò fi la èbúté yìí já láìfẹsẹ̀ kan omi. Nígbà tí ọkọ̀ tán, wọ́n ní a kì í ṣe òṣìṣẹ́ gidi, alágbàṣe ojúmọ́ ni wá, a ò lẹ́tọ̀ọ́ sí kọ́bọ̀ ìdágbére. Èmi àti Colin tí a jọ ń pẹja wá ra Ada Jean, ọkọ̀ kékeré, pé ká máa fi bọ́ ara wa. O mọ bí ìyẹn náà ṣe parí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́ ọ, tí kátápílà fi eyín ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ tí omi kò jò sínú rẹ̀ rí.

Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti ibí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tààrà, wọ́n dá a dúró. Àwọn ilé ìtajà òpópónà wa, pákó ni wọ́n fi kan ojú fèrèsé wọn. Ẹja tí wọ́n ń gé nílùú yìí lónìí, òkèèrè ló ti ń wá nínú yìnyín, àwọn alágbàtà òṣìṣẹ́ ló sì ń kó ọmọ Pólàǹdì wá gé e ní owó tí kò lè bọ́ ilé. Danuta tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé mi wà lára wọn. Mi ò bá Danuta jà. Òun ló ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi ní gbogbo Ọjọ́rú, ó sì máa ń kan ilẹ̀kùn láti mọ̀ bóyá mo ti kú. Ṣùgbọ́n ta ló bi wá léèrè kí wọ́n tó to ayé wa bẹ́ẹ̀?

Ogójì ọdún ni Lọ́ńdọ̀nù kò fi bi Grimsby ní nǹkan kan. Wọ́n wá bi wá báyìí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, ìbò èmi Alec Brocklesby wúwo bíi ti ẹni tó ni báǹkì. Àwọn ọ̀mọ̀wé wá ń bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n pé bí a bá kúrò, nǹkan á wọ́n. Níbo ni nǹkan ò ti wọ́n tẹ́lẹ̀? Ẹni ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù.

Mo ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù rẹ, mo sì ti mú un lọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè, iṣẹ́ tí èwe bá bẹ àgbà, kó má ṣe kọ̀ ọ́. Má kọ̀wé sí mi lórí rẹ̀ mọ́.

Bàbá rẹ

IJmuiden
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà, ọdún 2016

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ṣeun tí ẹ buwọ́ lù ú. Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má kọ̀wé mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín, mi ò rí ibi tí ẹ ti sọ pé ẹ ó fa àmì síbi tí mo ní kí ẹ fà á sí.

Mo sì tún rí ohun tí ẹ fò. Ẹ sọ nípa kátápílà, ẹ ò sọ pé kí kátápílà tó dé, ẹ̀yin àti Colin ti ta ìwé àṣẹ ìpẹja Ada Jean fún ará Họ́láǹdì. Ọkọ̀ tí kò ní ìwé àṣẹ, kí ló tún kù fún un? Ẹnikẹ́ni ò fi ìbọn sí yín lórí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Wouter ń rí àwọn ọkọ̀ ràgàjì níbí, àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí wọn, tí wọ́n ń já ẹja sílẹ̀ lórí irú ìwé tí ẹ tà. Lọ́ńdọ̀nù ló pín ẹja náà bẹ́ẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ló gbà kí wọ́n máa tà á. Lọ́ńdọ̀nù náà ló pè yín ní alágbàṣe ojúmọ́. Ẹ wá fẹ́ gbẹ̀san lára Yúróòpù, èmi ló sì máa ba.

Mi ò ní kí ẹ yí ìbò tiyín padà. Tiyín ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì péré sí mi: Mo gbà. Màá lè sùn.

Femke ya àwòrán yín, ó fún yín ní irùngbọ̀n. Ó wà nínú àpò ìwé yìí.

Gill

Grimsby
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà, ọdún 2016

Gill,

Mo rí àwòrán. Sọ fún Femke pé mo ti ń dá irùngbọ̀n náà sí.

Òótọ́ ni, mo tà á. Iye ẹja tí wọ́n ní ká máa pa lóṣù kò kún agbọ̀n nígbà náà. Èyí tó bá lé, a ó da òkú rẹ̀ padà sómi kí wọ́n má bàa mú wa bí olè. Lọ́dún yẹn, ọ̀gbẹ́ni tó wá rà á nìkan ló bá wa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Owó náà ló sì rán ọ lọ sí ilé-ìwé, níbi tí o ti kọ́ èdè tí o fi ń bá Wouter sọ̀rọ̀. O ò béèrè ibi tí owó ti wá nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ méjì tí o fẹ́, mi ò ní kọ ọ́. Mi ò tíì búra fún ọmọ tí mo bí rí, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ lẹ́ni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin.

Colin ní kí gbogbo wa mú bíró lọ o. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n máa ń so mọ́ orí tábìlì ibẹ̀, wọ́n ní àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ fi rọ́bà pa àmì wa rẹ́. Mo ti ra bíró tuntun.

Bàbá rẹ

IJmuiden
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, ọdún 2016

Bàbá,

Ẹ kú oríire. Ẹ ti borí.

Lánàá, ẹnìkan ní ọ́fíìsì Wouter bi í, ó ń rẹ́rìn-ín, pé ìgbà wo ni ìyàwó rẹ̀ máa di ẹrù. Femke gbọ́ ọ nígbà tí Wouter ń sọ ọ́ fún mi. Ó bi mí bóyá òun náà máa bá mi lọ tàbí òun máa dúró ti bàbá òun. Mo ní kò sẹ́ni tó ń lọ síbi kankan. Ó ní, "Ṣé Bàbá Àgbà náà wà lára àwọn tó ní kí o kúrò?"

Wọ́n ní méje nínú mẹ́wàá ní Grimsby ló sọ pé ká kúrò. Mo ti gbà á. Ìbéèrè kan ni mo ní. Kí ni ẹ ṣe sí tèmi?

Gill

IJmuiden
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016

Bàbá,

Mo kí yín. Ó ti lé ní oṣù méjì, ẹ ò fèsì.

Danuta pè mí. Ó ní ara yín yá, ẹ ń jẹun, nítorí náà kì í ṣe àìsàn ni kò jẹ́ kí ẹ kọ̀wé. Ó ní ẹnìkan fi ọ̀dà kọ ìkọkúkọ sára ilẹ̀kùn òun, pé kí òun padà síbi tí òun ti wá. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gé ẹja nílùú yín. Ó bi mí bóyá ẹ̀yin náà bá wọn fẹ́ kí òun lọ.

Ó tún sọ nǹkan mìíràn. Colin wá sí ilé-iṣẹ́ ẹja, ó ń pariwo láàárín àwọn òṣìṣẹ́ pé, "Alec fún wọn ní ìbò méjì gbáko, tirẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ tó wà ní Họ́láǹdì." Ó ní wọ́n ra bíà fún yín lórí rẹ̀.

Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Kò sẹ́ni tó lè wo inú àpótí ìbò. Mo ń sọ fún ara mi pé Colin purọ́, pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Bí ẹ bá sọ fún mi pé ó purọ́, màá gbà yín gbọ́, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Mo ti gba fọ́ọ̀mù láti di ọmọ ilẹ̀ yìí. Torí a ò ṣègbéyàwó, òfin wọn ní kí n kọ ti Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ kí wọ́n tó fún mi ní tiwọn. Wouter ní ká kúkú ṣègbéyàwó kí n lè di méjèèjì mú. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá mo ní ohun tí mò ń dì mú. Fọ́ọ̀mù náà wà nílẹ̀. Màá dúró de èsì yín títí oṣù Kọkànlá á fi parí.

Gill

Grimsby
Ọjọ́ ogún oṣù Kọkànlá, ọdún 2016

Gill ọmọ mi,

Colin kò purọ́.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo lọ sí gbọ̀ngàn ìjọ tí a ti ń dìbò. Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ na ìwé méjì sí mi, ó ní, "Èyí tiyín, èyí ti ọmọ yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dàrú mọ́ yín lójú." Mo mú tèmi, mo fa àmì, ó sì dùn mọ́ mi. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi bí ìgbà tí a fi owó ọ̀yà àkọ́kọ́ lé mi lọ́wọ́. Mo wá gbé tìrẹ. Mo fẹ́ ṣe é bí o ṣe wí. Ọlọ́run ló mọ̀. Mo gbé bíró sí i, ni mo bá rántí ohun tí o kọ, pé ẹnikẹ́ni ò fi ìbọn sí mi lórí. Inú bí mi. Mo fà á sí ibi tèmi. Kò gba àkókò rárá.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Mo fi ìka ra á, kò rẹ́. Ká ní pẹ́ńsùlù wọn ni mo lò, ǹ bá ti pa á rẹ́. Mo lè ní kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, pé bíró ló fà á, pé Colin àti rọ́bà àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ló fà á. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń gbìyànjú láti kọ ọ́ sí ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà lára pátákó níwájú mi níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé bí ènìyàn bá ṣàṣìṣe, kó dá ìwé ìbò náà padà, wọ́n á fún un ní òmíràn. Mo kà á. Colin ló kàn lẹ́yìn mi. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ kí n máa tọrọ ìwé mìíràn, kó wá bi mí pé kí ló dé. Ojú tì mí láti jẹ́ ẹni tó bá ọmọ rẹ̀ fa àmì sí "Ká dúró." Mo ju méjèèjì sínú àpótí.

Lójú òkun, bí ara ẹnìkan kò bá yá, tí o sì dúró nídìí ọkọ̀ dípò rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ní kí òun tọ̀ ni ìwọ náà gbọ́dọ̀ tọ̀. Ì báà jẹ́ pé o mọ̀ jù ú lọ. Mo ti rí ẹni tí wọ́n lù bí ejò torí pé ó yí ọ̀nà náà padà. Èmi, kò sẹ́ni tó lù mí. Bíà ni wọ́n rà fún mi, mo sì mu ún.

Mo bá Danuta fọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó dúró lójú fèrèsé títí mo fi ṣe tán, kò jáde. Mi ò rí ọbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mi ò sì retí rẹ̀.

O kọ lẹ́tà mẹ́rin sí mi nípa iṣẹ́ kan ṣoṣo, mo sì jẹ́ iṣẹ́ náà ní òdìkejì. Mi ò ní kí o dárí jì mí.

Bàbá rẹ

IJmuiden
Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, ọdún 2016

Bàbá,

Mo gba lẹ́tà yín. Mo ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tèmi.

Wouter ń tù mí nínú. Ó ní ìbò kan kò yí nǹkan kan padà, pé wọ́n fi mílíọ̀nù kan ó lé jù wá lọ. Mo ní ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Kò lè ṣe yín ní nǹkan kan bí ẹ bá fún mi. Ẹ ì bá borí náà. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ lè fún mi láìpàdánù ohunkóhun, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi.

Ẹ sọ fún mi pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé yín, ẹnìkan bi yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́. Wọ́n bi èmi náà, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ dáhùn.

A ò ní wá ní Kérésìmesì. Ẹ má kọ̀wé.

Gill

Grimsby
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, ọdún 2020

Gill,

O ní kí n má kọ̀wé, mo sì gbọ́ràn fún ọdún mẹ́ta ó lé. Mò ń kí ọ. Fojú fo ìkọ̀wé mi, ọwọ́ òsì ni. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi rọ ní oṣù Kẹwàá tó kọjá. Orí ilẹ̀ ilé ìdáná ni mo wà fún ọjọ́ kan àti ààbọ̀ kí ẹni tó ń pín lẹ́tà tó rí mi. Danuta ì bá ti kan ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó ti kó padà sí Pólàǹdì lọ́dún tó kọjá. Ó kí mi kó tó lọ. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

A ti kúrò o, ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí. Wọ́n ṣe àríyá nílé ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀, Colin wá fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn gbé mi, mo ní kó máa lọ. Ẹja ò tíì mọ̀ pé a ti kúrò. Èbúté ṣì wà bó ṣe wà.

Dókítà ní bí irú ìkọlù yìí bá tún dé, ó lè mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu mi. Ó bi mí ta ni yóò máa sọ̀rọ̀ dípò mi bó bá ṣẹlẹ̀. Ìwé kan wà tí a máa ń kọ fún un. Mo kọ orúkọ rẹ sí i. Mo mọ ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, mo sì mọ ẹni tí mò ń bẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Bí ọkàn mi bá dúró, kí wọ́n má ṣe gbé mi dìde. Bí mi ò bá lè gbé oúnjẹ mì mọ́, kí wọ́n má ki rọ́bà bọ̀ mí nímú. Kí wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n máa lọ.

O lè kọ̀, mi ò ní bínú. O sì lè buwọ́ lù ú, kí o wá ṣe èyí tó wù ọ́ nígbà tó bá dé. Mi ò ní lẹ́nu láti fi bá ọ wí.

Bàbá rẹ

IJmuiden
Ọjọ́ ogún oṣù Kejì, ọdún 2020

Bàbá mi,

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú àìlera.

Femke ti pé ọmọ ọdún méjìlá. Mo ka lẹ́tà yín sí i létí, ó ní òun ò rántí bí ohùn yín ṣe rí. Mi ò fi bú yín. Mò ń ròyìn ni.

Mi ò tíì dárí jì yín. Mo ti wá a nínú ara mi láti ọjọ́ tí lẹ́tà yín ti dé, mi ò rí i. Mi ò sì fara mọ́ ohun tí ẹ fẹ́ yìí. Bó bá jẹ́ tèmi ni, màá ní kí wọ́n gbé yín dìde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ yín nímú, kí ẹ wà láyé títí tí a ó fi bá ara wa jà tán. Inú bí mi débi pé mo ya àpò ìwé náà.

Mo ti buwọ́ lu ìwé náà, ó wà nínú lẹ́tà yìí. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá pè mí, ohun tí ẹ kọ ni màá sọ fún dókítà, bí ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Gill